Ìdí Tí Mi Ò Fi Gbé Ọ Rí

Adájọ́ mi ọ̀wọ́n,

Èmi baba rẹ, akọni tó gbé àpò sìmẹ́ńtì mẹ́ta pa pọ̀ lórí gun ilé alájà mẹ́rin láì dúró mí, ni mo ń kí ọ láàárọ̀ yìí. Mo ní kí n kọ́kọ́ rán ọ létí irú ọkùnrin tó bí ọ, kó o lè jókòó dáadáa kó o tó máa kà á lọ.

Ó dáa, méjì ni. Ìyá rẹ dúró lẹ́yìn mi, ó ń wo ohun tí mo ń kọ, ó sì ti ń fi imú rẹ́rìn-ín, nítorí náà jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Àpò kan ni. Alájà kan ni ilé náà, mo sì jókòó lágbedeméjì àtẹ̀gùn rẹ̀, mo ń ṣe bí ẹni tí òkúta wọ bàtà rẹ̀. Ṣùgbọ́n mo gbé e dókè. Ẹni tí kò bá gbà kó lọ bi ilé náà, ó ṣì wà lórí ìdúró.

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ọrùn tó ń dùn ọ́ nítorí kọ̀ǹpútà ti fi ọ́ sílẹ̀? Bá mi kí ọkọ rẹ, ọkùnrin tó ń so ọmọ ọwọ́ mọ́ àyà kiri títì bí ẹni tó jí i gbé. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i, mi ò sì tíì jáwọ́, ṣùgbọ́n sọ fún un pé mo ní ó ń ṣe dáadáa. Bá mi kí ọmọ rẹ obìnrin pẹ̀lú, ìyẹn tó ń béèrè ọ̀rọ̀ bí ọlọ́pàá. Ara tèmi le. Ara ìyá rẹ le ju tèmi lọ. Òun ló ń pàṣẹ, èmi ni mo ń sáré jẹ́ ẹ, eré yẹn ló ń bá mi ṣe oògùn.

Ohun tó mú mi mú bírò nìyí. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àbúrò rẹ gbé fóònù rẹ̀ wá, ó ní kí n wá gbọ́ bí ọmọ mi ṣe ń sọ̀rọ̀ níwájú èrò. Mo ránṣẹ́ sí Kúkúrú, ọ̀rẹ́ mi tá a jọ ṣiṣẹ́ nílé ìkẹ́rùsí sìmẹ́ńtì. O mọ̀ ọ́n, ẹni tó jẹ́ pé bó bá dúró, tó bá jókòó, ọgbọọgba ni. Àwa mẹ́rin, pẹ̀lú ìyá rẹ, jókòó ti fóònù náà. O yọ sójú rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ búlúù, o ń sọ bí obìnrin ṣe máa ń sọ̀rọ̀ nípàdé tí ẹnikẹ́ni kò ní gbọ́, títí ọkùnrin kan á fi tún un sọ, tí wọ́n á wá pàtẹ́wọ́ fún un. Mo ní, "Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́, ọmọ mi nìyẹn." Ìyá rẹ ń juwọ́ sí fóònù bí ẹni pé o ń rí i.

O wá sọ̀rọ̀ kàn mí. O ní, "Bàbá mi gbé ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin. Ó gbé àbúrò mi ọkùnrin. Kò gbé èmi rí, kódà lẹ́ẹ̀kan. Lọ́jọ́ tí mo na ọwọ́ sí i, ó sọ níwájú gbogbo èèyàn pé òun kì í gbé obìnrin. Ọmọ ọdún márùn-ún ni mí. Ibẹ̀ ni mo ti mọ iye tí wọ́n ń kà mí sí."

Gbogbo gbọ̀ngàn náà pàtẹ́wọ́, àtẹ́wọ́ gígùn. Kúkúrú ń wo ilẹ̀. Ìyá rẹ na ọwọ́, ó pa fóònù. Àbúrò rẹ ní, "Bàbá, ṣé òótọ́ ni?" Mo ní òótọ́ ni, mo sì ní kó lọ bu omi wá fún mi, bẹ́ẹ̀ òùngbẹ ò gbẹ mí.

Ìgbà yẹn ló yé mi, ìdí tí ọmọ rẹ fi dúró jìnnà sí mi nígbà ìsinmi tó kọjá. Mo na ọwọ́ sí i, ojú rẹ ló kọ́kọ́ wò. Mo rò pé irùngbọ̀n mi ló ń bà á lẹ́rù, mo tilẹ̀ lọ fá a. Mo padà dé, mo tún na ọwọ́, kò wá. Irùngbọ̀n tí mo ti ń tọ́jú fún ọdún mẹ́wàá!

Nígbà tí Kúkúrú lọ tán, mo bẹ ìyá rẹ pé kó bá mi pè ọ́, kó ṣàlàyé fún ọ. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ ní kí n di ẹnu mi láti ọdún mẹ́tàdínlógójì. Mo dì í. Ẹ̀yin fúnra yín ni kí ẹ tú u." Ó gbé ìwé àti bírò síwájú mi, ó ní òun ò ní gbé oúnjẹ wá. Nítorí náà, ebi ń pa mí bí mo ṣe ń kọ èyí. Mo fẹ́ kó o mọ̀.

Adájọ́, ìpá ni mo ní. Mi ò sọ ọ́ fún ọ rí. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín ń bọ̀ lẹ́nu rẹ, bó ṣe máa ń bọ̀ lẹ́nu gbogbo èèyàn bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ àìsàn yẹn. Rẹ́rìn-ín díẹ̀, kó o wá padà.

Ó ku oṣù méjì kí wọ́n bí ọ. Òjò ti ṣú, tírélà sì kún fún sìmẹ́ńtì. Fómáànù wa ń pariwo pé àpò kan ò gbọdọ̀ tutù. Níbi iṣẹ́ wa, ẹni tó ń ru àpò kì í gbé e nílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn méjì ló ń gbé e rù ọ́ lórí, ìwọ á kàn rìn lọ, wàá sọ̀ ọ́ síbi tí wọ́n ń tò ó sí. Orí àti ọrùn nìṣẹ́ yẹn. Bíbẹ̀rẹ̀ gbé nǹkan nílẹ̀ ló ń pa èèyàn. Lọ́jọ́ náà, àwọn agbẹ́rù-runi ti sá lọ sí òdì kejì tírélà, mi ò ní sùúrù, mo bẹ̀rẹ̀, mo gbé e. Nǹkan kan já nísàlẹ̀ ikùn mi bí okùn ṣòkòtò. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ohun kan yọ sí itan mi lókè, bí ẹyin. Bí mo bá dùbúlẹ̀, á wọlé. Bó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, á ti tó ìkúùkù.

Ṣé o wá rí i? Ẹ̀gbọ́n rẹ ti rìn kó tó ṣẹlẹ̀, mo sì ti gbé e títí ó fi sú u. Ọdún kejì tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún mi ni wọ́n bí àbúrò rẹ. Àárín méjèèjì ni ìwọ bọ́ sí. Mo gbé ọ lé itan lórí ìjókòó, o sì tọ̀ sí ṣòkòtò mi láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n kí n bẹ̀rẹ̀ kí n gbé ọ nílẹ̀, kí ẹsẹ̀ rẹ wá máa gbá mi níbẹ̀, mi ò jẹ́ dán an wò.

O lè ní kí ló dé tí mi ò lọ sílé ìwòsàn. Fómáànù yẹn kò fẹ́ onípàá. Lọ́jọ́ Ajé àkọ́kọ́ nínú oṣù, á tò wá sórí ìlà, oníkálukú á bẹ̀rẹ̀, á gbé àpò kan nílẹ̀ dé àyà, á sì máa ka oókan dé ẹ̀wá. Ẹni tí ohùn rẹ̀ bá gbọ̀n, ilé yá. Á ní, "Ilé ìwòsàn kọ́ nibí." Èèyàn mẹ́rin ló lé lọ́dún kan ṣoṣo. Ọ̀kan nínú wọn, ọkùnrin fìrìgbọ̀n tá à ń pè ní Ògiri, mo máa ń rí i lọ́sàn-án gangan níwájú ilé rẹ̀, lórí àpótí, pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì láàárín orúnkún. Àwọn tó ń wá ra búrẹ́dì lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀ á yí i ká bí ẹni ń yí òpó ká.

Kúkúrú ló ràn mí lọ́wọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ ìdánwò, á da ìdajì sìmẹ́ńtì inú àpò kan dànù, á fi èérún pákó tó kó nílé káfíńtà dí i, á sì gbé e síwájú ibi tí mo máa dúró. Èmi náà á máa ṣe wèrè lé e lórí. Màá gbé e, màá ní, "Oókan, èjì, ẹ̀ta... Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, kí ló tún kàn? Ilé ìwé mi ò dé ibẹ̀." Fómáànù á rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀. Ẹni tí omi bò lójú ò ríran dáadáa. Ọdún méje la fi ṣe é.

Mo gé rọ́bà inú táyà, mo fi ń dì í mọ́ra lábẹ́ ṣòkòtò látàárọ̀ dalẹ́. Ìyá rẹ ò mọ̀, àfi ìgbà tó ń fọ aṣọ tó rí ẹ̀jẹ̀ níbi tí rọ́bà ti bó mi lára. O ò tíì máa rìn nígbà yẹn. Ó bi mí, mo dá àpárá. Kò rín ẹ̀rín. Ó jókòó sórí bọ́kẹ́ẹ̀tì, ó ní, "Bàbá ọmọ mi, ṣé ó ń dùn yín?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó má sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni, kódà ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin. Mo ní bó bá dé àdúgbò, á dé etí fómáànù. Ìyẹn jẹ́ òótọ́. Ṣùgbọ́n ó tún ku kan: kò sí ẹni tí mi ò tíì fún ní ìnagijẹ ládùúgbò yẹn. Èmi ni mo sọ onígbàjámọ̀ di Etí-Kan, tí mo sọ télọ̀ di Ẹsẹ̀-Kò-Sinmi. Orúkọ wo ni wọn ò ní fún mi?

Láti ìgbà náà ni ìyá rẹ ti ń gbé gbogbo nǹkan. Omi, kọ́bọ́ọ̀dù, ìwọ lẹ́yìn, àpò ìwé ẹ̀gbọ́n rẹ lọ́wọ́. Àwọn aládùúgbò á máa sọ ọ́ kí n lè gbọ́: "Ẹ wo olúwa ilé, ó jókòó bí ọba, obìnrin ń pa ara rẹ̀." Ṣé o mọ ohun tí mo ń ṣe bí mo bá gbọ́ ọ? Màá tún fẹ̀yìn ti àga, màá gbé ẹsẹ̀ kan lé èkejì. Ó tẹ́ mi lọ́rùn kí wọ́n pè mí ní ọ̀lẹ oníwà ọba ju kí wọ́n pè mí ní onípàá. Ìyá rẹ á wò mí láti ẹnu ọ̀nà, pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lórí, á sì wọlé lọ. Ó gbé omi, ó gbé àṣírí. Nítorí náà, bó o bá ń sọ̀rọ̀ nípa ohun tí obìnrin ń rù, mi ò ní jiyàn.

Ó wá kan ọjọ́ tó o sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún èrò yẹn, ọjọ́ òjò ni. O ti ka ewì rẹ tán nílé ìwé, wọ́n sì fún ọ ní páálí pẹ́ńsùlù. Omi ti bo ojú títì níwájú géètì, ó dé orúnkún àgbàlagbà. Àwọn baba ń gbé ọmọ wọn kọjá. O dúró lórí búlọ́ọ̀kù kan pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀ funfun, o na ọwọ́ méjèèjì sí mi. Ìrora náà mú mi lọ́jọ́ yẹn bí ẹ̀mú. Bí mo bá gbé abẹ́rẹ́ nílẹ̀, ṣíṣubú ni ǹ bá ṣubú. Mo wá sọ ọ́ sókè, kí gbogbo èèyàn lè gbọ́: "Èmi kì í gbé obìnrin o! Ọ̀kan ṣoṣo tí mo gbé níyàwó, ẹ̀yìn mi ò tíì bọ̀ sípò títí dòní!" Ẹ̀rín pa wọ́n, àwọn kan di irin géètì mú. Télọ̀ ló gbé ọ kọjá. O ń wò mí láti orí èjìká rẹ̀. O ò sunkún.

Àṣírí tú nígbà tó o pé ọmọ ọdún méje. Ọjọ́ Ajé ìdánwò, Kúkúrú ò wá síṣẹ́, ibà dá a wó. Sìmẹ́ńtì gidi ló kún àpò tó wà níwájú mi, mo sì mọ̀. Mo gbé e. Mo ka oókan dé ẹ̀fà. Mi ò rántí èje. Wọ́n ní ohun tí fómáànù sọ ni pé kí wọ́n wọ́ mi kúrò lójú ọ̀nà, tírélà ń bọ̀. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti ẹrù ni wọ́n fi tì mí dé ilé ìwòsàn. Nọ́ọ̀sì tó gbà mí ṣí aṣọ, ó pariwo, "Ọdún mélòó lẹ ti ń gbé eléyìí kiri?" Mo ní, "Ọdún méje, nọ́ọ̀sì. Ó ti wà ní kíláàsì kejì." Dókítà ní bó bá pẹ́ wákàtí méjì sí i, ìfun mi ì bá kú, èmi náà ì bá sì tẹ̀ lé e.

Ọkùnrin mẹ́jọ ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún nínú wọ́ọ̀dù náà lọ́sẹ̀ yẹn. Nígbà tó bá di aago mẹ́rin ọ̀sán, tí àlejò bá wọlé, wàá gbọ́: "Kí ló ṣe yín?" "Ibà ni." Bẹ́ẹ̀dì kejì: "Ibà ni." Bẹ́ẹ̀dì kẹta: "Ibà náà ni, ó gbóná o." Nọ́ọ̀sì ní òun ò rí irú ibà bẹ́ẹ̀ rí, tó jẹ́ abẹ́ ìgbànú ló ń mú ọkùnrin. Awakọ̀ tírélà kan ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, apá rẹ̀ tó itan mi. Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn tí àwọn ará ilé rẹ̀ lọ, ó kọjú sí ògiri. Mo ní, "Ọ̀gá awakọ̀, ṣé ẹ́ńjìnnì ti kú ni?" Èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Nígbà tó yá, ó ní, "Gbogbo wọn ló béèrè ọjọ́ tí màá padà sẹ́nu iṣẹ́. Kò sẹ́ni tó béèrè bóyá ó ń dùn mí." Mo ní, "O sọ fún wọn pé ibà ni! Ta ló ń bi oníbà bóyá ó ń dùn ún?" Ẹ̀rín bú lù wá, ojú abẹ sì ń já wa jẹ. A di ikùn mú, omi ń bọ́ lójú àwa méjèèjì. Títí dòní, mi ò lè sọ èwo ni ẹ̀rín níbẹ̀, èwo ni ẹkún.

Ìyá rẹ mú ọ wá wò mí. O wo bí mo ṣe ń rìn, o ní, "Bàbá, ibà wo ló ń jẹ́ kí ẹ máa rìn bí pẹ́pẹ́yẹ?" Gbogbo ọkùnrin wọ́ọ̀dù náà kọjú sí mi. Ìyá rẹ wò mí, ó mi orí díẹ̀, bí ẹni tó ń sọ pé, ó yá. Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi, mo búra. Mo ní, "Ibà pẹ́pẹ́yẹ ni." Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín, ìwọ náà rẹ́rìn-ín, ẹ gba ilé lọ.

Bí mo ṣe kúrò nídìí sìmẹ́ńtì nìyẹn, tí mo di aṣọ́géètì. Wọ́n bí àbúrò rẹ, mo sì gbé e débi pé ìyá rẹ ní ẹsẹ̀ rẹ̀ máa rọ. O ti tó bí ọmọ ọdún mẹ́wàá nígbà náà. Lọ́jọ́ kan, ìwọ lo ń ti ìta bọ̀, mo sọ àbúrò rẹ kalẹ̀, mo ní, "Adájọ́, wá kí n gbé ọ." O ní, "Mo ti tóbi, Bàbá. Ẹ gbé àbúrò mi." O sọ ọ́ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, bí ẹni tó ń kọ oúnjẹ nílé olóúnjẹ. Mo tún gbé àbúrò rẹ. Mi ò tún dá a lábàá mọ́.

Má yọ ọ̀rọ̀ kankan kúrò nínú ohun tó ò ń sọ fún àwọn èèyàn. Òótọ́ ni, ìwọ ló ṣẹlẹ̀ sí. Mo kàn ń bẹ̀ ọ́ pé bí àyè bá ṣẹ́ kù, kó o mẹ́nu ba wọ́ọ̀dù oníbà yẹn díẹ̀. A pọ̀ níbẹ̀. Bákan náà, sọ fún ọmọ rẹ pé kì í ṣe pé bàbá àgbà ò fẹ́ obìnrin. Sọ ohun tó ṣe mí fún un gan-an. Mo gbà kó rẹ́rìn-ín.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí ohùn rẹ máa ròkè. Kí ilé rẹ tù ọ́ lára bó o bá ti ọ̀dọ̀ èrò dé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe bi ọ́ nípa iṣẹ́ kó tó bi ọ́ nípa ara rẹ, kó sì rí bẹ́ẹ̀ fún ọkọ rẹ náà. Kí àwọn ọmọ rẹ máa na ọwọ́, kí wọ́n sì máa rí ẹni gbé wọn. Àmín.

Èmi ni,
Bàbá rẹ, tí ìwọ nìkan jẹ́ ọmọbìnrin fún.

Mo tún rántí: Ìyá rẹ ti ka ìwé yìí tán. Ó kàn fi ìka síbi tí mo ti kọ ọ́ pé ìrora mú mi bí ẹ̀mú lọ́jọ́ òjò, ó sì ń wò mí. Ó dáa. Kò dùn mí lọ́jọ́ náà. Ó ti tó ọjọ́ mẹ́rin tí tírélà ò ti wá, mo ti sinmi, gbogbo nǹkan wà ní àyè rẹ̀. Ìwọ náà ò wúwo. Mo lè gbé ọ kọjá omi yẹn. Ohun tó bà mí lẹ́rù ni pé bí mo bá bẹ̀rẹ̀, ojú mi lè yí padà, kí àwọn ọkùnrin yẹn rí i, kí wọ́n wá fi mí rẹ́rìn-ín. Mo wá jẹ́ kí wọ́n fi ìwọ rẹ́rìn-ín. Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyẹn.